Ṣífìtì Ilé Hassanat

Ẹni tó bá tún pe ọ̀rọ̀ yẹn, ṣífìtì, sí mi létí lọ́sẹ̀ yìí, mo máa dá a lóhùn lọ́nà tí kò ní gbádùn. Ó ti sú mi. Ní àdúgbò wa níbí, lẹ́yìn Dọ̀pẹ̀mú, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo yẹn ni gbogbo ayé fi ń ṣe ohun gbogbo. Lóòótọ́, ọ̀dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ ló ti wá: kí àwọn kan ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, kí àwọn mìíràn gbà á lọ́wọ́ wọn títí ilẹ̀ á fi mọ́, kí ẹ̀rọ má bàa sinmi. Ṣùgbọ́n kò dúró síbẹ̀ mọ́. Ṣífìtì la fi ń pọn omi inú ọgbà wa. Ṣífìtì ni wọ́n fi ń fún wa níná. Pe èèyàn sí ìkómọ, á ní òun wà ní ṣífìtì. Tí ìpàdé ilé bá dé, ìdajì wa á wà ní ṣífìtì, ìdajì yòókù á ní àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ṣífìtì ni, ojú àwọn ò là. Kò sì sẹ́ni tó máa bi ọ́ bóyá òótọ́ lò ń sọ. Tó o bá ti pe ṣífìtì, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn.

Aránṣọ ni mí, ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì. Ìyá Praise ni wọ́n ń pè mí. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi wà lẹ́nu géètì ilé wa, ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, kò sì sẹ́ni tó lè wọlé tàbí kó jáde kí n má rí i. Wọ́n ní mo lẹ́nu. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Hassanat tí mo fẹ́ sọ yìí, mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, ojú mi ni gbogbo ẹ̀ ṣe.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Hassanat. Ọ̀dọ̀ àǹtí rẹ̀ ló wá ní Agége láti wá kọ́ irun dídì. Nígbà tí àǹtí náà kó lọ, Hassanat bá ara rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ bisikíìtì kan ní Orégùn, ibẹ̀ ló sì wà títí di bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Kásúà ni, wọn ò gbà á síṣẹ́ tán. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó dúró ti béélítì, rọ́bà gígùn tó máa ń yí gbé ọjà kọjá, kó máa to bisikíìtì bó ṣe ń kọjá, kó máa ṣa èyí tó ti fọ́ dà nù. Kò le láti sọ. Ẹ lọ dúró síbẹ̀ fún odindi ọjọ́ kan kẹ́ ẹ wò ó. Ó sọ fún mi nígbà kan pé tóun bá ti dijú, òun ṣì máa ń rí béélítì yẹn tó ń kọjá. Ọmọ tó rẹwà ni, tó lẹ́rìn-ín lẹ́nu, àmọ́ èmi tí mo mọ̀ ọ́n, orí bẹ́ǹṣì mi ni mo ti sábà máa ń rí i, níbi tó ti ń sun oorun ìjókòó pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀, tí kò tíì lágbára láti rìn dé yàrá rẹ̀.

Àbdùlgàfár lọkọ rẹ̀, Gàfárù la máa ń pè é nínú ilé. Òun náà ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọ̀rá tí wọ́n fi ń di ọjà lòun wà ní apá Agídíngbí. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, kì í jà, kì í pariwo. Nígbà tí wọ́n ṣègbéyàwó, èmi ni mo rán aṣọ ìyàwó, mi ò sì gba ohun tó tó nǹkan lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀rín ni gbogbo ilé máa ń rín nígbà yẹn, torí tí ọ̀kan bá ń bọ̀ láti ibiṣẹ́, èkejì á ti dúró lẹ́nu géètì. Wọ́n máa ń jẹun nínú abọ́ kan náà lójúde, bí ọmọdé.

Ni rọpárọsẹ̀ bá kọlu ìyá Gàfárù ní Ògbómọ̀ṣọ́. Apá òsì àti ẹsẹ̀ òsì wọn ló mú. Òun nìkan lọmọ tó kù fún wọn láyé, ló bá lọ gbé wọn wá. Obìnrin tó ti fi gbogbo ayé wọn se ọṣẹ dúdú ni Màmá, obìnrin gíga, tí ẹnu wọn ṣì mú ṣáṣá. Wọ́n dé, wọn ò lè dá dìde, wọn ò lè dá jẹun. Ta ló máa wà lọ́dọ̀ wọn? Ẹni méjì tó ń ṣiṣẹ́ ilé-iṣẹ́, tí kò sí èyí tó lè fi tirẹ̀ sílẹ̀ kí ebi má pa wọ́n.

Ohun tí wọ́n wá ṣe nìyí. Àwọn tọkọtaya mìíràn ládùúgbò wa máa ń bẹ ọ̀gá wọn pé kó fi àwọn sí ṣífìtì kan náà. Ní ti Hassanat àti Gàfárù, ńṣe ni wọ́n lọ bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n má ṣe fi àwọn pa pọ̀. Tí ọkọ bá wà lọ́sàn-án, kí ìyàwó wà lóru. Tí wọ́n bá yí ti ọkọ padà, kí wọ́n yí ti ìyàwó náà. Ọjọ́ ìsinmi ilé-iṣẹ́ wọn kò bọ́ sí ọjọ́ kan náà, wọ́n sì dúpẹ́ fún ìyẹn náà. Bí ọ̀kan ṣe ń wọlé lèkejì ń jáde. Níbi tí àkókò ò bá ti bára mu, tí àlàfo bá wà láàárín, èmi ni mo máa ń fi ẹ̀rọ mi sílẹ̀ lọ jókòó ti Màmá. Mo máa ń kùn o. Mo kùn dáadáa. Ṣùgbọ́n mo máa ń lọ.

Àṣà kan wà ní àwọn ilé-iṣẹ́ yẹn tí gbogbo wọn mọ̀. O ò gbọdọ̀ kúrò nídìí ẹ̀rọ títí ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ rẹ á fi dé, tó máa fọwọ́ kàn án. Kó o tó lọ, o gbọ́dọ̀ sọ bó ṣe ń ṣe fún un: ó ń lọ dáadáa, apá ọ̀tún ń gbóná, ẹ máa ṣọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ni wàá tó lọ. Ti Màmá náà di bẹ́ẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni Hassanat àti ọkọ rẹ̀ ti máa ń pàdé, ọ̀kan á fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún èkejì pé, "Wọ́n ti jẹun. Wọ́n ti lo oògùn. Ẹsẹ̀ òsì ń dùn wọ́n díẹ̀." Èkejì á ní ó ti yé òun. Ó tán. Wọ́n máa ń rẹ ohùn sílẹ̀ torí wọn ò fẹ́ kí Màmá gbọ́ kí wọ́n máa rò pé àwọn ti di ẹrù. Mo máa ń fi Hassanat ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣé ẹnu ọ̀nà yẹn náà ni wọ́n máa ti bímọ ni. Lákọ̀ọ́kọ́, ó máa ń rẹ́rìn-ín, á ní ẹ̀yin náà ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, kò rẹ́rìn-ín mọ́, èmi náà sì dákẹ́.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ nìyẹn títí òjò fi wá tó tún lọ. Hassanat rù. Aṣọ tí mo fi ọwọ́ ara mi wọ̀n sí i lára wá di ohun tó ń fà nílẹ̀. Gàfárù náà, tó o bá kí i, á kọ́kọ́ wò ọ́ díẹ̀ kó tó rántí ẹni tó o jẹ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí mo wà nídìí Màmá, mo gbé ẹ̀kọ sí wọn lẹ́nu, wọn ò yanu. Mo ní kí ló dé. Wọ́n ní kí n jókòó.

"Ìyá Praise, bá mi wá mọ́tò tó ń lọ Ògbómọ̀ṣọ́. Má sọ fún wọn."

Mo bi wọ́n pé ta ló ṣẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ àwọn.

"Mo ti tú ilé ọmọ mi ká," Màmá wí. "Wọ́n ti kọ ara wọn, wọ́n ń fi pa mọ́ fún mi ni."

Ẹ̀rín pa mí. Kò yẹ kí n rín in, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ó ti jáde. Màmá ò rẹ́rìn-ín ní tiwọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí wọ́n ti rí sílẹ̀ fún mi. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé àwọn dé, àwọn ò rí kí ọmọ àwọn àti ìyàwó rẹ̀ jókòó pọ̀ rí. Bí ọ̀kan bá ti wọlé, èkejì á sá jáde. Wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí àwọn tó ń jà tí wọn ò fẹ́ kí àgbà gbọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń sùn lórí ẹní tó wà nílẹ̀ yẹn nígbàkigbà. Tí àwọn bá bi ọmọ àwọn pé ìyàwó rẹ dà, á ní ṣífìtì. Tí àwọn bá bi ìyàwó pé ọkọ rẹ ńkọ́, á ní ṣífìtì. Ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́nu àwọn méjèèjì, bí ẹni tó ti jọ gbìmọ̀ ẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ní irú iṣẹ́ wo ni obìnrin ilé ọkọ ń ṣe tí kì í ṣíwọ́ tí ilẹ̀ bá ṣú? Nídìí ọṣẹ tàwọn, tí ilẹ̀ bá ti ṣú, èèyàn á bo ìkòkò, á lọ sùn.

Mo búra. Mo fi orúkọ ọmọ mi búra. Mo ṣàlàyé ilé-iṣẹ́ bisikíìtì, mo ṣàlàyé ilé-iṣẹ́ ọ̀rá, inú sì ń bí mi bí mo ṣe ń ṣàlàyé, torí gbogbo ohun tí mo bá sọ, ọ̀rọ̀ burúkú yẹn náà ló ń gbẹ̀yìn ẹ̀. Màmá gbọ́ mi dé òpin. Wọ́n ní ará ilé máa ń bo irú nǹkan bẹ́ẹ̀, àwọn náà ti bo ti ẹlòmíràn rí. Wọ́n ní tí àwọn bá kúrò níbẹ̀, bóyá wọ́n á lè padà sọ́dọ̀ ara wọn. Ohun kan ṣoṣo ló kù tó lè dá àwọn dúró: kí àwọn méjèèjì jókòó níwájú àwọn lójú mọmọ, kí wọ́n jọ jẹun. Tí kò bá sí ìyẹn, àwọn ń lọ, àwọn ò sì ní jẹun títí àwọn á fi lọ.

Kí wọ́n lọ sọ́dọ̀ ta? Ilé tí wọ́n fi sílẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sí níbẹ̀. Wọn ò ní pẹ́ kú síbẹ̀. Bí wọ́n bá sì kú, Hassanat ni gbogbo ẹbí máa pè lẹ́jọ́, wọ́n á ní ìyàwó ló lé ìyá ọkọ rẹ̀ jáde.

Nígbà tí Hassanat ń ti ibiṣẹ́ bọ̀, mo dá a dúró lẹ́nu géètì, mo rò fún un. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín bíi tèmi. Nígbà tó rí i pé mi ò bá a rín in, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú.

"Ìyá Praise, ó rẹ̀ mí," ló sọ. Ó tún ní, "Tí Màmá bá lọ, ilé mi ti tú nìyẹn lóòótọ́."

Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ ìsinmi Gàfárù, á jáde ní iṣẹ́ òru láàárọ̀, kò sì ní padà títí di ọjọ́ kejì. Hassanat ti rò ó fún un, ṣùgbọ́n ti Gàfárù nìkan kò tó, Hassanat náà gbọ́dọ̀ wà nílé. Ó lọ bẹ supáfáísọ̀ wọn, ọ̀gbẹ́ni Olúgbénró, pé kó fún òun ní ọjọ́ kan. Ìyẹn ò bú u, kò jágbe mọ́ ọn. Ó kàn ní bisikíìtì ò mọ ìyá ọkọ ẹnikẹ́ni, pé kó wo ẹnu géètì láàárọ̀ kó rí àwọn tó ń dúró pé kí ẹnì kan má wá, kí àwọn lè gba iṣẹ́ rẹ̀. Ọdúnayọ̀, ọmọbìnrin tó máa ń gba béélítì lọ́wọ́ Hassanat, ló gbọ́ ọ, tó ní òun máa dúró. Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ láti ìrọ̀lẹ́ dé àárọ̀ ní kóun tún bá a ṣe é dé ìrọ̀lẹ́. Ẹ ò rí nǹkan. Kò sí ìbátan kankan láàárín wọn o, wọn ò tiẹ̀ mọ ilé ara wọn. Ìdí béélítì nìkan ni wọ́n ti ń ríra, nígbà tí ọ̀kan bá ń lọ.

Ọjọ́bọ̀ dé. Hassanat wẹ Màmá, ó ró ìró tuntun fún wọn, ó gbé wọn ti ìrọ̀rí. Ó se ìrẹsì àti ẹ̀wà, ó din ẹja, ó tẹ́ ẹní sílẹ̀, ó jókòó. Màmá ní kí èmi náà wá jókòó, kí n wá ṣe ẹlẹ́rìí. Abọ́ ọbẹ̀ tí mo gbé wá fún wọn wà lọ́wọ́ mi. A ń wo ẹnu ọ̀nà.

Gàfárù ò dé. Oòrùn wọlé láti ojú fèrèsé, ó rìn kọjá lórí ẹní, kò dé. Wọn kì í jẹ́ kí wọ́n mú fóònù wọ ìdí ẹ̀rọ, nítorí náà kò sí bá a ṣe lè pè é. Oúnjẹ tutù. Hassanat mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, èmi náà mọ̀ ọ́n: ẹni tó máa gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ rẹ̀ ò wá ni, tó bá sì fi ẹ̀rọ ọ̀rá sílẹ̀, gbogbo ẹ̀ á yọ́ lé ara wọn. Ó kọjú sí Màmá, ó ní, "Màmá, ṣíf..." Kò lè pe ọ̀rọ̀ náà tán.

Màmá na ọwọ́ ọ̀tún wọn, wọ́n fi kan orí rẹ̀. "Jẹ́ n lọ, ìyàwó mi," ni wọ́n sọ. "Mi ò bínú sí ọ."

Mi ò mọ ibi tí mo lè wò. Ìbínú tó mú mi nígbà yẹn, tí mo bá rí ẹni tó dá ṣífìtì sílẹ̀, mo máa gbá a létí.

Ibẹ̀ la wà tá a fi gbọ́ ẹsẹ̀ Gàfárù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó wọlé, ojú rẹ̀ pupa, òórùn ọ̀rá tó jóná wà lára aṣọ rẹ̀. Kó tó yanu sọ ohunkóhun, Hassanat ti dìde. Ó fa ìborùn rẹ̀ bo orí, ó gbé báàgì rẹ̀ nílẹ̀, ó sún mọ́ ọkọ rẹ̀, ó ní, "Ẹ káàbọ̀. Wọn ò tíì jẹun. Wọ́n ti lo oògùn. Ẹsẹ̀ òsì ń dùn wọ́n díẹ̀."

Gàfárù ti ń bọ́ bàtà. "Ó ti yé mi," ó dá a lóhùn. "Máa lọ."

Ó sì ń lọ. Ẹ gbọ́ mi, obìnrin yìí ti rìn dé àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀ kó tó dúró. Kò síbi tó ń lọ. Ọjọ́ tó bẹ̀bẹ̀ fún náà ni, ohun tó ti mọ́ ọn lára ló gbé e jáde. Gàfárù náà dúró pẹ̀lú bàtà kan lọ́wọ́, ó ń wo ẹ̀yìn rẹ̀, ojú wá ń tì í.

Màmá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Àbdùlgàfár. Ṣé ohun tí ẹ máa ń sọ lẹ́nu ọ̀nà nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Lójoojúmọ́?"

"Lójoojúmọ́, Màmá."

"Ẹsẹ̀ mi?"

Gàfárù mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Màmá wo ẹsẹ̀ òsì wọn tó wà nínú ìró tuntun, wọ́n wò ó títí, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí ẹnì kan lọ pe ìyàwó àwọn padà wá, kí wọ́n sì gbé oúnjẹ náà bó ṣe tutù yẹn.

Mo fi wọ́n sílẹ̀ láti jẹun. Mo padà sídìí ẹ̀rọ mi, mo sì sunkún níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n na, mi ò tijú. Nígbà tí mo wọlé lọ gbé abọ́ mi, mo ti yanu láti kí wọn kí n tó rí ohun tó wà nínú yàrá. Hassanat ti sùn lọ níbi tó jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí Màmá, orí rẹ̀ há sára bẹ́ẹ̀dì. Gàfárù sùn sílẹ̀ gbalaja lórí ẹní, ìrẹsì ṣì wà níka ọwọ́ rẹ̀. Màmá nìkan lojú wọn là. Wọ́n ti jẹ oúnjẹ tiwọn, abọ́ wọn mọ́. Abẹ̀bẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn tó ṣì lágbára, wọ́n ń fẹ́ ẹni òkè díẹ̀, wọ́n á tún sọ apá kalẹ̀, wọ́n á fẹ́ ẹni ilẹ̀.

Wọ́n fi abẹ̀bẹ̀ juwọ́ sí mi pé kí n má pariwo.

"Wọ́n ti jẹun," Màmá rọra sọ fún mi. "Wọ́n ti sùn. Ọrùn á máa dun ìyàwó mi díẹ̀, bá mi fi nǹkan tì í."

Mo ká aṣọ, mo fi há abẹ́ orí Hassanat. Kò tiẹ̀ mira. Mo tẹ̀ sí etí Màmá, mo bi wọ́n pé mọ́tò Ògbómọ̀ṣọ́ ńkọ́. Wọ́n ní mọ́tò wo. Wọ́n ní ta ló máa wà pẹ̀lú àwọn ọmọ yìí.

Apá wọn ti ń gbọ̀n. Mo na ọwọ́ sí abẹ̀bẹ̀, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n gbà á lọ́wọ́ wọn díẹ̀. Wọ́n gbé e kúrò lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní kí n máa lọ síbi iṣẹ́ mi, pé ṣífìtì tàwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.